Báìkì yín ń mi orí? Ẹ má tíì ra dámpà

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni, afárá Third Mainland ṣófo, mo sì yọ ọwọ́ òsì kúrò lórí hándù láti ti gíláàsì àṣíborí mi sókè. Eré mi ò ju 80 lọ. Bí táyà iwájú ṣe gba orí ọ̀kan nínú àwọn ibi ìsopọ̀ afárá yẹn kọjá, hándù bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí orí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Mo dá ọwọ́ padà, ó dákẹ́. Àyà mi ò tètè dákẹ́ ní tirẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibi tí àwa tá a jọ ń gun power bike ti máa ń pàdé, mi ò tíì bọ́ àṣíborí tán tí wọ́n ti dájọ́. "Ẹ̀gbọ́n, dámpà ni. Àbí ẹ ò mọ̀ pé ọmọ ìyá TL ni SV yín?" Suzuki SV650 tòkunbọ̀ ni mò ń gùn, 645 cc (bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó nìyẹn), alábọ́dé gidi. TL ni Suzuki kan tó lágbára jù ú lọ, tí wọ́n mọ̀ mọ́ hándù tó ń jù. Mo lọ wo iye tí wọ́n ń ta steering damper tó jẹ́ ojúlówó, owó náà tó táyà méjì. Mo ti ń ṣírò ibi tí màá ti yọ ọ́ nínú owó oṣù.

Mi ò rà á. Títí di òní báìkì náà ò ní dámpà, kò sì mi orí mọ́. Àṣìṣe tó kù díẹ̀ kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn, àti èyí tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó rà á, ni mo fẹ́ kọ síbí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Dámpà dà bíi ṣọ́ọ̀kì kékeré tí wọ́n dùbúlẹ̀. Orí rẹ̀ kan so mọ́ férémù, ìkejì so mọ́ fọ́ọ̀kì iwájú tàbí ibi tí hándù jókòó sí. Òróró wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rọra yí hándù, òróró á ráyè gba ihò tóóró kọjá, ẹ ò ní fẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bí hándù bá fẹ́ já lọ lójijì, òróró ò ní ráyè, á sì dá a dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í fún táyà ní afẹ́fẹ́, kì í sì í tún bẹ́árìn ọrùn hándù tó ti jẹ ṣe.

Ẹ má fi bo bẹ́árìn tó ti jẹ

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì léwu jù. Mẹkáníìkì àgbà tí mo gbé báìkì lọ bá ò tilẹ̀ dá mi lóhùn nígbà tí mo dárúkọ dámpà. Ó ní kí n bá òun gbé iwájú rẹ̀ sókè, ó fi igi ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, táyà iwájú ò kan ilẹ̀ mọ́. Ó lóṣòó síwájú báìkì, ó di ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú, ó fà á mọ́ra, ó tì í padà. Kó! Mo gbọ́ ọ. Ó tún ṣe é. Kó!

"Ọ̀gá, gbé ọwọ́ ẹ síbí." Ó gbé ìka mi sí ibi tí ọrùn hándù ti wọ inú férémù, ó sì tún fà á. Mo rí i pé irin ń sún lábẹ́ ìka mi. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ṣoṣo ti hándù láti òsì lọ sọ́tùn-ún. Nígbà tó dé àárín gbùngbùn, ó há díẹ̀, bí ìgbà tí táyà bá kó sí kòtò kékeré, kó tó máa lọ. "Ó ti gbẹ́ ilé síbẹ̀," ni bàbá wí.

Nígbà tí ó tú u, gíríìsì inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti pọ́n bí amọ̀ nítorí ìpẹtà. Ojú irin tí bẹ́árìn ń yí lé ti ní àmì wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀ léra wọn, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná tẹ ẹ̀bà. Kòtò ojú ọ̀nà wa ló ṣe é, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi ń fọ báìkì ní ibi ìfọmọ́tò, tí wọ́n á gbé ẹnu páìpù ti ọrùn hándù gan-an. Owó bẹ́árìn tuntun àti owó iṣẹ́ rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó dámpà.

Ká ní mo ti ra dámpà yẹn, hándù ì bá dákẹ́, inú mi ì bá dùn, bẹ́árìn náà ì bá sì máa jẹ lọ lábẹ́ ẹ̀. Fífi ètè sílẹ̀ pa lápálàpá kọ́ nìyẹn?

Bẹ́árìn nìkan kọ́. Táyà iwájú mi ti jẹ ní gbágungbàgun: bí mo ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú síwájú, ó jọ̀lọ̀, bí mo ṣe pa á padà, ó ń há mi lọ́wọ́. Irú táyà bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti mú hándù gbọ̀n, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń dẹ eré sílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú, torí tòkunbọ̀ la ń rà: nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016. Táyà lè máa dán bíi tuntun kó ti gan bíi pákó.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Tèmi gba 33 psi níwájú, 36 lẹ́yìn, kí táyà tó gbóná. Fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà tó fún mi kẹ́yìn kàn fi ẹsẹ̀ ta táyà ni, ó ní ó ti tó. Mo gbé géèjì tèmi sí i: 22. Láti ọjọ́ náà ni géèjì ti ń gbé inú àpò mi.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe láé ni kí ẹ lọ sí màrosẹ̀ kí ẹ sì yọ ọwọ́ méjèèjì láti fi dán an wò bóyá ó ṣì ń gbọ̀n. Mo mọ ẹni tó ń ṣe é. Ibi tí báìkì ti dúró sójú kan la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má fi cc dá ẹjọ́

"Tó bá ti kọjá 600, ó nílò dámpà." Ọ̀rọ̀ yìí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ tá a fi ń kó ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì: bí ẹ bá ti tì í, á yí padà, á máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn fúnra rẹ̀. Táyà iwájú báìkì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí ẹ bá fa ìlà láti ọrùn hándù wá sílẹ̀, ìlà náà á kan ilẹ̀ níwájú ibi tí táyà ti kan ilẹ̀. Àlàfo àárín méjèèjì ni wọ́n ń pè ní trail, òun ló ń dá hándù padà sí gbọọrọ. SV650 ti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ní 106 mm, Honda CB500F ní 102, Yamaha MT-07 ní 90. Kò sí èyí tí wọ́n fi dámpà sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ilé iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n alábọ́dé náà ni KTM 790 Duke tó jáde ní 2018, tiẹ̀ sì ní dámpà. Ìdí rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ ń tètè gbéra. Táyà tó kúrò nílẹ̀ tó sì padà balẹ̀ ní wíwọ́ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọmọ ìyá TL tí wọ́n fi bá mi jà: òótọ́ ni pé Suzuki TL1000S jáde ní 1997, tí àwọn tó ń gùn ún ní Ìlú Ọba kígbe pé hándù rẹ̀ ń já mọ́ wọn lọ́wọ́, tí Suzuki sì pe báìkì náà padà láti fi dámpà sí i. Àmọ́ agbára ẹṣin 125 ni TL, bíi 70 ni SV tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní 1999. Ìrísí ẹ́ńjìnnì wọn jọra, ìwà wọn ò jọra rárá.

Ẹni tó ń sáré ní pápá ìdíje, tàbí tó ń gba orí iyanrìn àti òkúta gan-an, dámpà wúlò fún un. Ẹni tí ilé iṣẹ́ bá ti fi sí báìkì rẹ̀, kó má yọ ọ́ láéláé. Àwa tó kù tí à ń lọ Ìbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀, ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwa fúnra wa ti bàjẹ́: àpótí ńlá lẹ́yìn tó ń mú kí iwájú fúyẹ́, tàbí fọ́ọ̀kì tí a gbé sókè nínú ibi tí wọ́n ti dì í kí imú báìkì lè wálẹ̀. Ìyẹn rẹwà lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n trail yẹn lẹ ń gé kù.

Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má lọ́ ọ le jù

Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́ kókó tó ń mú dámpà rẹ̀ le dópin, ó ní òun fẹ́ jẹ owó òun. Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Ọjọ́ta ló ti mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe: báìkì ò lè dọ́gba, bó ṣe fẹ́ ṣubú sápá kan ló ń fẹ́ ṣubú sí ìkejì, torí hándù ò lè ṣe àtúnṣe wẹ́wẹ́ tó ń mú báìkì dúró nígbà tí eré ò bá pọ̀.

Lórí eré ńlá ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Robin Sharp, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ìlú Ọba, ti fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ láti 1971. Oríṣi gbígbọ̀n méjì ló wà. Ọ̀kan yára, hándù nìkan ló ń jù, bí ìgbà 6 sí 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dámpà ń pa èyí. Èkejì lọ́ra, bí ìgbà 2 sí 4, gbogbo báìkì ló ń yí ìdí bí ejò. Dámpà tó le ń mú kí èyí burú sí i ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jù, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e.

Tí wọ́n bá ti so ó tán, ẹ yí hándù dópin lápá méjèèjì kí ẹ tó san owó. Irin tí ilé iṣẹ́ fi dá hándù dúró ni kó dá a dúró, kì í ṣe ọ̀pá dámpà. Tí dámpà bá kọ́kọ́ dópin, yálà ó tẹ̀ tàbí kí ẹ má lè já kọ́nà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń fún wáyà mọ́ra. Èyí tí òróró bá ti ń jò lára rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀

Ọwọ́ á fẹ́ di hándù pa. Ẹ má gbà fún un. Bí apá yín bá ti gan, ara yín ti so mọ́ hándù nìyẹn, gbogbo ẹ̀ á sì jọ máa mì. Ẹ fi eékún méjèèjì há táǹkì, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ rọ̀, kí ẹ sì rọra dẹ eré. Ẹ má já iná (throttle tá a ń fọwọ́ lọ́) sílẹ̀ lójijì, ẹ má sì gbá bíréèkì iwájú mú. Àwọn kan á ní kí ẹ tún lọ́ ọ sí i kí iwájú lè fúyẹ́. Lójú pápá eré, bóyá. Lójú ọ̀nà tí tírélà lè dúró síwájú yín láìsí iná lẹ́yìn, mi ò gbà.

Tó bá ti dákẹ́, ohun kan ṣì kù tí kò wọ́pọ̀ kí wọ́n sọ. Jíjù yẹn lè ti páàdì bíréèkì iwájú sẹ́yìn kúrò lára dísíìkì rẹ̀. Tí ẹ bá fa bíréèkì náà, ọwọ́ á wọlé dé ìdí hándù, kò ní mú nǹkan kan. Nítorí náà, bí hándù bá ṣe dúró báyìí, ẹ rọra fún bíréèkì náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí tó fi máa le padà lọ́wọ́ yín, kí ẹ tó sún mọ́ mọ́tò tó wà níwájú.