Ojú Oró Ni Mo Fi Bá Omi Aláwọ̀ Ewé Jà

Nígbà tí omi inú àpótí gíláàsì tí mo ń sin àwọn ẹja guppy sí di aláwọ̀ ewé bí ọbẹ̀ ewédú, ẹni tó ń ta ẹja gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da oògùn sí i. N kò gbà, nítorí pé bí algae, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn bí ewéko tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé, bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, yóò jẹrà sínú omi, ìjẹrà náà yóò sì gba afẹ́fẹ́ tí àwọn ẹja ń mí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé algae ró, pẹ̀lú àwọn èròjà bíi nitrate àti phosphate tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù jáde. Mo pinnu pé ebi ni màá fi pa á.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àpótí náà wà tẹ́lẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, bẹ́ẹ̀ àpótí mi ń gba nǹkan bíi lítà 60, nítorí náà mo kọ́kọ́ fa èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà sínú bákẹ́ẹ̀tì kí n tó gbé e lọ sí kọ̀rọ̀, kí ojú ìsopọ̀ gíláàsì má baà ya. Káàdì báǹkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni mo fi ha ara gíláàsì, láìlo ọṣẹ rárá. Kànìnkànìn inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, inú omi àpótí tí mo fà jáde náà ni mo ti fọ̀ ọ́, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ májèlé ìgbẹ́ ẹja dẹ̀rọ̀ ń gbé ibẹ̀, kilorín inú omi ẹ̀rọ sì lè pa wọ́n.

Ojú oró, tí a fi ń wúre pé òun ní í lékè omi, ló ṣe iṣẹ́ tó kù. Ewé rẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa nitrate kí algae tó rí i jẹ. Mo ṣàn án dáadáa nítorí ẹyin ìgbín omi, mo sì jẹ́ kó bo nǹkan bí ìdajì ojú omi péré, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Mo dín iná àpótí kù sí wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, mo sì ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni omi náà mọ́. Algae tó kù lára òkúta, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn ẹja láti máa ṣà jẹ. Ojú oró tó bá pọ̀ jù ni mo ń kó sí ìdí òdòdó. N kì í dà á sí gọ́tà, nítorí pé bó bá dé odò, yóò bo ojú rẹ̀ pátápátá.