Ọwọ́ Dí, Ọjà Ò Jáde: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Ọ̀gá Tó Fẹ́ Kí Iṣẹ́ Yá

Bí ọ̀gá iléeṣẹ́ bá wọlé láàárọ̀, ẹni tó jókòó lojú rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹni tó bá káwọ́ gúnwà ti di ọ̀lẹ, ẹni tó bá ń làágùn ni òṣìṣẹ́ gidi. Inú èrò yìí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń jáde, ì báà jẹ́ ilé búrẹ́dì, iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá tàbí ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ẹnjiníà àti àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń wádìí ohun tó ń mú iṣẹ́ yá àti ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí kò bá èrò ọ̀gá yẹn mu rárá.

Ẹ má fi dandan lé e pé kí gbogbo ọwọ́ máa dí

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé búrẹ́dì kan. Wọ́n á po fúláwà, wọ́n á kó o sẹ́nu ẹ̀rọ títí á fi dán, wọ́n á gé e, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ká a sínú páànù, wọ́n á fi sílẹ̀ kó wú, ó di inú ààrò. Ká sọ pé ààrò ń gba búrẹ́dì 200 lẹ́ẹ̀kan, tí kíkó wọlé, yíyan àti kíkó jáde sì ń gba ìṣẹ́jú 40. Búrẹ́dì 300 ló lè jáde ní wákàtí kan nìyẹn, bí ẹ tiẹ̀ bú gbogbo ilé. Àwọn tó ń po fúláwà ní tiwọn lè po ti 500 ní wákàtí kan náà. Ọ̀gá dé, ó bá wọn lórí ìdúró, ó pariwo mọ́ wọn. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á máa pò ó lọ ni. Nígbà tó bá fi máa tó wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, 600 páànù ti tò sílẹ̀ tí ààrò ò tíì ráyè gbọ́ tiwọn. Páànù tó bá dé lẹ́yìn wọn á fi wákàtí méjì gbáko dúró lásán. Yíìsì ò sì mọ̀ pé ààrò ò tíì ṣófo, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe. Búrẹ́dì á wú kọjá bó ṣe yẹ, àárín rẹ̀ á rì, á máa kan lẹ́nu. Bí àwọn oníbàárà bá dá a padà, ẹni tó yan án ni wọ́n máa bú.

Wákàtí méjì yẹn kì í ṣe ohun tí mo dédé sọ. Ní 1961 ni John Little, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iye nǹkan tó wà lórí ìdúró jẹ́ iye tó ń jáde ní wákàtí kan, ní ìlọ́po iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi máa wà níbẹ̀. Ẹ fi 300 pín 600, wákàtí méjì ló máa jáde. Òfin náà ò yọ ọ́fíìsì tí fáìlì ga lórí tábìlì sílẹ̀, kò yọ ọsibítù sílẹ̀. Bí iye tó ń jáde kò bá yí padà, gbogbo ohun tí ẹ bá tún kó wọlé, ìdúró lẹ kó wọlé.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n ṣe pẹpẹ síwájú ààrò tí kò lè gbà ju ti ẹ̀ẹ̀méjì ààrò lọ. Bí pẹpẹ bá ti kún, kí àwọn tó ń po fúláwà dáwọ́ dúró. Kí wọ́n fọ páànù, kí wọ́n fi òróró ra á, tàbí kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ìjókòó wọn kò ná yín ní búrẹ́dì kan. Ìṣẹ́jú tí ààrò bá fi ṣófo ló ń ná yín, torí kò sí ibi tí ẹ ti máa rí i dá padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń rí: àwọn tó wà nídìí ààrò á lọ jẹun lẹ́ẹ̀kan náà, ààrò á tutù, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí, nítorí wọ́n ti làágùn tó.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ààrò mú ọjà púpọ̀ jáde, ẹ má tíì sáré lọ ra òmíràn. Shigeo Shingo, ẹnjiníà ará Japan, ṣe irú rẹ̀ ní Toyota lórí ẹ̀rọ títẹ irin tí agbára rẹ̀ tó 1,000 tọ́ọ̀nù. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ohun tó ń gé irin lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú un wá sí ìṣẹ́jú 90, nígbà tó yá wọ́n mú un wá sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ó kàn ya ohun tí wọ́n lè ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó di dandan kí ẹ̀rọ dúró fún. Nídìí ààrò wa, ìyẹn ni pé páànù tó kàn ti gbọ́dọ̀ tò sẹ́nu rẹ̀ kí ti inú tó jinná, kí aṣọ tí wọ́n fi ń gbé e má sì jẹ́ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kiri.

Ẹ má kó iṣẹ́ lé ẹnì kan dé ọ̀fun

Iléeṣẹ́ kan ní mekáníìkì kan ṣoṣo. Ọ̀gá ṣírò, ó rí i pé nínú wákàtí 100, 80 lọkùnrin náà fi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ní 20 tó kù ṣòfò, ó bá tún gbé ẹ̀rọ ẹ̀ka kejì lé e lọ́wọ́. Irú ìṣirò tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ti wà nílẹ̀ láti 1909, nígbà tí Agner Erlang tó ń bá iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ìpè tó ń wọlé ségesège ṣe ń mú kí ìlà dí. Ẹ̀rọ náà kì í bàjẹ́ létòlétò. Lónìí ọ̀kan ò ṣe é, lọ́la mẹ́ta á dákú pọ̀. Bí àtúnṣe kan bá ń gba nǹkan bíi wákàtí kan, tí mekáníìkì ń fi 80 ṣiṣẹ́ nínú 100, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ á dúró dè é tó wákàtí mẹ́rin. Bó bá di 90, á di wákàtí mẹ́sàn-án. Bó bá di 95, á di mọ́kàndínlógún. Ìṣirò tó rọrùn jù lọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ìlà ló bí àwọn nọ́ńbà yìí, ti iléeṣẹ́ yín lè dín tàbí kó lé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fò sókè lẹ́yìn 80 yẹn ò ní yí padà. Wákàtí tí ọ̀gá ní ó ṣòfò yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ofatáìmù náà ò jìnnà sí èyí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wo ìlera àwọn tó ń ṣe ohun ìjà, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn. Ní 2014, John Pencavel, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Stanford, tún àkọsílẹ̀ ìgbà náà ṣírò. Iṣẹ́ tó jáde ní ọ̀sẹ̀ oníwákàtí 70 kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ oníwákàtí 56 lọ. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ mọ gosilóò Ìkòròdú. Ẹni tó ti jí láago mẹ́rin kó tó rí ọkọ̀ wọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé pé òun dé.

Ẹ má máa wá ẹni tí ẹ máa di ẹ̀bi rù

W. Edwards Deming, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tí àwọn ará Japan gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó gbọ́, ní eré kan tó máa ń ṣe níwájú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun 3,200 àti pupa 800 á wà nínú àpótí kan. Á pe àwọn kan jáde láàárín èrò pé kí wọ́n wá ṣe òṣìṣẹ́. Á fún wọn ní pátákó pẹlẹbẹ tó ní ihò 50, wọ́n á tì í bọ inú ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á gbé e jáde. Funfun lọjà, pupa ni àléébù, oníbàárà ò sì fẹ́ pupa. Ẹnì kan lè gbé pupa mẹ́fà jáde, Deming á yìn ín. Ẹlòmíràn lè gbé 14 jáde, á fi lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá tún yí kan ẹni tí wọ́n yìn, tó wá gbé 12, wọ́n á ní ìyìn ti kó sí i lórí. Èrò á máa rẹ́rìn-ín, torí ojú gbogbo wọn ni wọ́n ṣe da pupa sínú àpótí. Ìdá kan nínú márùn-ún ni pupa, nǹkan bíi mẹ́wàá ni yóò máa bọ́ sínú ihò 50 náà, bó ti wù kí ẹni tó ń bù ú gbìyànjú tó.

Wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, bó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á padà lọ lẹ fọ́tò òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lóṣù náà mọ́ ògiri. Kí ẹ tó gé owó ẹnikẹ́ni, ẹ kọ àléébù ọwọ́ kálukú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ́sẹ̀ yìí ló gbẹ́yìn lọ́sẹ̀ kejì, tí ipò wọn kàn ń yí kiri, inú àpótí ni kí ẹ lọ wò: fúláwà tí ẹ rà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tí wọn ò fún ní ọ́ìlì. Bó bá sì jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ló ń gbẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, ẹ lọ dúró tì í, kí ẹ wo ohun tó ń ṣe tó yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Taiichi Ohno ti Toyota ní ìbéèrè kan tó máa ń bi léraléra. Ẹ̀rọ dákú. Kí ló dé? Iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, fíúsì jó. Kí ló dé tí iṣẹ́ fi pọ̀ jù? Bíárìn ò rí ọ́ìlì tó. Kí ló dé? Pọ́ǹpù ò fa ọ́ìlì dáadáa. Kí ló dé? Irin tó ń yí nínú pọ́ǹpù ti jẹ. Kí ló dé? Kò sí asẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èérún irin ló ń wọlé. Asẹ́ ló yẹ kí wọ́n rà. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó yí wa ká, fíúsì ni wọ́n máa pààrọ̀, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ lára owó ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fíúsì á tún jó. Ọmọ náà á ti gbọ́n, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ bí ó bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún bákan.

Ẹ má gé owó iṣẹ́ torí pé ọwọ́ ti yá

Alábúlọ́ọ̀kù ní iye kan ni òun máa san lórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú, owó wọn pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Alábúlọ́ọ̀kù wò ó, ó ní owó yìí ti pọ̀ jù, ó gé iye náà. Kò ní rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

Àwọn olùwádìí rí i ní iléeṣẹ́ Hawthorne, nítòsí Chicago, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù. Láti oṣù kọkànlá 1931 títí di oṣù karùn-ún 1932, wọ́n kó ọkùnrin 14 sí yàrá kan, wọ́n sì ń wò wọ́n. Àwọn ọkùnrin náà ti fẹnu kò láàárín ara wọn lórí ìwọ̀n iṣẹ́ tó tó fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ yára jù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ lápá. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé bí ọjà bá pọ̀ jù, wọ́n á gé owó tàbí kí wọ́n dá àwọn kan dúró, nígbà tí ìṣẹ́ ń jà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò sí ẹ̀rọ tí ẹ lè rà tó máa borí irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti dá iye kan, ẹ jẹ́ kó dúró. Ohun tó bá lè yí i padà ni kí ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́ náà yí padà, kí wọ́n sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín ṣáájú.

Ẹ má rò pé sẹminá kan ti tó

Stephen Anderson àti David McKenzie fi àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ní Nàìjíríà ṣèwádìí kan tó jáde ní 2022. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí kíláàsì. Wọ́n bá àwọn mìíràn wá òṣìṣẹ́ tó mọ ìṣirò owó tàbí ìpolówó ọjà, tàbí kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ níta. Àwọn tó rí ẹni bá wọn ṣe é ló tẹ̀ síwájú ju àwọn tó lọ jókòó sí kíláàsì. Èyí ò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ra ọjà, tó ń tà, tó tún ń bá àwọn NEPA fà á, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ?

Èyí tó tún kọ́ni jù ni ti àwọn iléeṣẹ́ ahunṣọ nítòsí Mumbai, tí Nicholas Bloom àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2013. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, òwú kún sítóò láìsí ẹni tó mọ iye rẹ̀, irinṣẹ́ fọ́n káàkiri ilẹ̀, aṣọ tó ní àléébù ni wọ́n kàn ń fọwọ́ tún ṣe. Àwọn agbaninímọ̀ràn bá wọn to sítóò, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ àléébù sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí àwọn ọ̀gá sì máa pàdé lórí ìwé náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń rí mú jáde látinú ohun tí wọ́n ń ná sí i fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún sàn ju ti àwọn iléeṣẹ́ tí wọn ò ràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, wọ́n padà lọ wò ó. Nǹkan bí ìdajì àwọn àṣà tuntun náà ló ti pòórá. Ohun méjì ni wọ́n rí tó fà á: alákòóso tó mọ̀ ọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí oníléeṣẹ́ ò ráyè bojú wò ó mọ́. Nítorí náà, bí alákòóso bá ti fi ìwé sílẹ̀ pé òun ń lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó jáde, kí òun fúnra rẹ̀ máa kọ ìwé àléébù níṣojú ẹni tó ń lọ. Ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ka ìwé náà láràárọ̀ ńkọ́? Oníléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, kó má rán ọmọ.