Ajá Tí Kò Yé Gbó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní nǹkan kan náà lórí ajá tó ń gbó. Mo ti dáhùn títí ó ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó pè mí.

Ẹ̀gbọ́n, ajá mi ń gbó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?
Ṣé omi wà nínú abọ́ rẹ̀? Ṣé ó ti jẹun? Ṣé oòrùn kò pa á níbi tí ẹ so ó mọ́? Ẹ wo etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ bóyá eégbọn wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé la máa ń so ó mọ́, alẹ́ nìkan la ń tú u. Ṣé ó burú ni?
Ó burú. Ajá tó wà lórí ṣéènì fún wákàtí 12 kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa gbó. Ẹ mú un rìn ní ìdájí, ìṣẹ́jú 30, kó máa fimú fínlẹ̀ bó ṣe wù ú.

Mo máa ń pariwo "Dákẹ́!" mọ́ ọn, kò gbọ́.
Lójú tirẹ̀, ẹ̀yin náà ti bá a dá sí i nìyẹn. Ẹ yé pariwo.

Tí mo bá nà án ńkọ́?
Rárá o. Ẹgba lè pa á lẹ́nu mọ́ lónìí, ẹ̀rù tó ń mú un gbó ṣì wà lára rẹ̀. Ajá tí wọ́n nà títí tí kò fi kùn mọ́ kì í kìlọ̀ kó tó bu èèyàn jẹ.

Kò sí ọ̀kadà tó kọjá tí kò ní gbó mọ́. A ti ṣe é títí.
Èyí ni mo mọ̀ jù, torí ó bá èmi náà fínra. Ajá mi, Tanímọ̀la, máa ń sáré tẹ̀ lé gbogbo ọ̀kadà láti inú géètì títí dé igun ògiri. Ìyá àgbà tó wà ní òdìkejì wa ní òun kò rí oorun ọ̀sán sùn mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbé àga jókòó, mo kàn ń wò ó. Ọ̀kadà dé, ó gbó. Ọ̀kadà lọ, ó gbé ìrù sókè, ó padà wá dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi: ó gbà pé òun lòun lé e lọ! Gbogbo ìgbà tó bá gbó ló ń borí.

Mo fi páànù bo ìsàlẹ̀ géètì kó má lè yọjú. Mo wá bẹ ọlọ́kadà kan, mo ra epo fún un, pé kó máa lọ kó máa bọ̀ níkángun àdúgbò, níbi tí a ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tẹjú mọ́ Tanímọ̀la. Kó tó gbó, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ dìde, á pa ẹnu dé, ìrù rẹ̀ á sì le. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni mo ń fún un ní pánlá tí kò ju èékánná lọ, tí a sè láìfi iyọ̀ àti alùbọ́sà sí i (alùbọ́sà kò bá ajá lára mu). Tó bá ti gbó kí n tó fún un, a jẹ́ pé a ti sún mọ́ ọ̀kadà jù, màá mú un sẹ́yìn sí i.

Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti ń dáa, ló bá tún bẹ̀rẹ̀, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ìsinmi ló ń ju bisikíìtì sí i nígbàkúùgbà tó bá gbó, kó lè dákẹ́! Mo pe gbogbo ilé jọ: tó bá ń gbó lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbó kíkankíkan. Ajá tó ti ń fi gbígbó gba oúnjẹ á kọ́kọ́ fi kún un kó tó fi í sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ yín ti ń juwọ́ sílẹ̀. Ó di oṣù kẹta kí ọ̀kadà tó kọjá níwájú ilé wa tí Tanímọ̀la sì gbé etí sókè, tó yíjú wá wò mí, tó ń retí pánlá.

Ìgbà wo ni kí n pe dókítà ẹranko?
Bí ajá àgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lóru, tó ń dúró wo ògiri, ẹ gbé e lọ. Bí ohùn ajá bá ṣàdédé há, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ pe dókítà ẹranko kíá. Bó bá ti gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.