Kúrúnà ló ń yọ ológbò mi lẹ́nu, wọ́n ní làpálàpá ni

₦23,000 ni mo ti ná kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣe ológbò mi, inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Etí ló ti bẹ̀rẹ̀, irun ibẹ̀ re, awọ ẹ̀ nípọn, ó yi, èépá bí eérú bò ó, kò pẹ́ ó ti dé iwájú orí àti ọrùn, á máa họra lóru títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Ibi àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ n'Íbàdàn níbí, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn wò ó lókèèrè, wọ́n ní làpálàpá ni, wọ́n tà mí ní ìpara. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ra á mọ́ ọn lára, ṣe ló ń ràn sí i. Aládùúgbò wa tún gbé oògùn eégbọn ajá ẹ̀ wá, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ka ara ike ẹ̀, permethrin ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì lè pa ológbò o!

Dókítà ẹran kejì ló gbà pé ká họ awọ ẹ̀ díẹ̀ ká wò ó lábẹ́ máíkróskóòpù. Mo débẹ̀ aago 9 àárọ̀, wọ́n ní wọ́n ti mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kò sí epo. Mo jókòó, ológbò ń ké nínú páálí, aago 12 kọjá, iná ò dé, ẹnì kan wá ní kí wọ́n ṣáà gún un lábẹ́rẹ́ kí n máa lọ. Mo ní rárá o, abẹ́rẹ́ kí ni, ta ló ti mọ ohun tó ń ṣe é? Omi ti ń bọ́ lójú mi. Ìgbà yẹn ni dókítà rántí máíkróskóòpù àtijọ́ kan tó ní dígí nísàlẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ń yí dígí yẹn títí oòrùn fi wọnú ẹ̀. Ó fi abẹ́ tó ti kú họ etí ẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ díẹ̀, ó kán òróró sí i lórí gíláàsì, ó ní kí n wá wò ó. Nǹkan róbótó, ẹsẹ̀ kúkurú, ó ń rìn! Notoedres cati lorúkọ ẹ̀, kòkòrò tíntín tó ń fa kúrúnà ológbò gan-an. Mo pariwo. Èmi ni mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyókù ò le. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò 3, ìyẹn ló fi wọn ivermectin, oògùn tó ń pa kòkòrò yẹn, tó gún un, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14 torí oògùn yẹn kì í pa ẹyin wọn. Ológbò mi kejì tí ara tiẹ̀ ń dán, mo fi sílé, àṣìṣe nìyẹn, wọ́n jọ ń sùn ni, mo tún padà lọ gbé òun náà wá. Ọwọ́ tèmi náà yún mi fún ọjọ́ mélòó kan, ó lọ fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ etí ló ti bẹ̀rẹ̀ lára tiyín, ẹ má sanwó ìpara kankan kí wọ́n tó họ ọ́ wò, ẹ sì pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi wọ́n bóyá iná wà.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, èépá yẹn ti ṣí dànù, irun wẹ́wẹ́ ti ń hù létí ẹ̀. Lálẹ́ àná, ẹsẹ̀ mi ló sùn sí títí ilẹ̀ fi mọ́, kò họra lẹ́ẹ̀kan.