Ọjọ́ Ẹtì Ni Ìsinmi Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ sinmi lọ́jọ́ keje, iṣẹ́ ń bẹ fún un lọ́jọ́ kẹfà. Nínú Ẹ́kísódù orí 16, òṣùwọ̀n ómérì kan mánà, oúnjẹ tó ń ti ọ̀run wá, ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó di méjì. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú mọ́jú lọ́jọ́ mìíràn ń yọ ìdin, ti Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni kò rà. Ìdí nìyí tí ìjọ Seventh-day Adventist, tó ń sinmi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó sì wọ ilẹ̀ Yorùbá ní 1914 láti Ẹ̀rúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn, fi ń pe ọjọ́ Ẹtì ní ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́. Ẹtì ni orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tì. (Ẹni tó ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú nítorí àjíǹde Olúwa lè fi Àbámẹ́ta palẹ̀ mọ́ bákan náà.)

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ níbi tí ẹ wà, torí láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì dé ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni Sábáàtì, ìyẹn Ọjọ́ Ìsinmi. Ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje yípo ọdún. Lọ́ńdọ̀nù ni wàhálà wà: nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ láti oṣù Kẹsàn-án.

Fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ata ti wà lórí iná láago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ dín in títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí òróró á léfòó, torí omi ló ń mú ọbẹ̀ kan. Bó bá jinná, ẹ má dé e pa nígbà tó ṣì gbóná: ooru á di omi lábẹ́ ọmọrí, á máa kán padà sínú ìkòkò, ọbẹ̀ á sì ti kan kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi asẹ́ bò ó kó tutù ná. Ṣíbí tó ti wọ ẹnu kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Níbi tí kò bá sí fíríìjì, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti mọ́ínmọ́ín sílẹ̀; ẹ̀kọ inú ewé ló ń dúró. Láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ hó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, aṣọ lílọ̀, bàtà dídán, gbogbo rẹ̀ ti parí láago márùn-ún. Ẹ má dúró de iná mànàmáná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà rèé: bàbá jókòó, ọmọ ń kọrin, ìyá nìkan ló wà ní ilé ìdáná. Diutarónómì 5 dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, ó tún fi màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kún un, ó sì rán Ísírẹ́lì létí pé ẹrú làwọn náà jẹ́ ní Íjíbítì. Ìsinmi tí ẹnì kan ń rù fún àwọn yòókù, a ò mọ orúkọ tí à bá pè é, kì í ṣe Sábáàtì. Ẹ pín iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ẹnì kan aṣọ, ẹnì kan omi, ẹnì kan ata.

Òde àríyá náà ńkọ́? Àbámẹ́ta ni Yorùbá sábà máa ń ṣe é. Ẹ gbé owó àti ẹ̀bùn lọ sílé olóde láti Ọjọ́rú, kí ẹ fẹnu ara yín ṣàlàyé. Ẹni tí kò rí yín, tí kò gbọ́ nǹkan kan, á ní ẹ ò ka òun sí. Ìdánwò ilé ìwé tó bá bọ́ sí Àbámẹ́ta: ẹ gba lẹ́tà ìjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Àṣìṣe kejì ni kíka èèwọ̀ bí ẹni ń ka owó. Nínú Lúùkù 13, obìnrin kan ti tẹ̀ fún ọdún 18. Olórí sínágọ́gù bínú pé Jésù wò ó sàn lọ́jọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn ń tú màlúù lọ mumi lọ́jọ́ náà. Aláìsàn, òkú ọ̀fọ̀, àdúgbò tí ilé ń jó, ẹ dìde lọ. Ohun tí ẹ ó pa tì ni WhatsApp ọjà àti ìṣírò gbèsè.

Bí oòrùn bá ń wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ pe gbogbo ilé jọ, orin kan, àdúrà kan. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín fọ àwo tó ti wà nínú bàsíà láti ọ̀sán.