Ṣé 4K ni? Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó àwa olólùfẹ́ géèmù

Ṣọ́ọ̀bù géèmù tí ẹ bá yà sí ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ l'Ọláìyá, ìbáà jẹ́ l'Òkè-Fìà, ìbéèrè tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu oníbàárà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé 4K ni?" Ẹ̀gbọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, owó á sì jáde lápò. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ohun tí ẹ̀rọ géèmù náà máa yááfì kó tó lè gbé 4K yẹn jáde.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwòrán 1080p jẹ́ píksẹ̀lì (àwọn tótó aláwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró, ìyẹn mílíọ̀nù 2 ó lé díẹ̀. Ti 4K jẹ́ 3840 sí 2160, ó lé ní mílíọ̀nù 8, ìlọ́po mẹ́rin gan-an. Tí géèmù bá ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 16.7 ló ní láti fi ṣírò àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkókò yẹn kì í gùn sí i. Bí píksẹ̀lì bá gbà á tán, òjìji á di jákujàku, koríko á dínkù, tàbí kí 60 já sí 30.

Ẹ má tìtorí PS4, ẹ̀rọ géèmù Sony, ra tẹlifíṣọ̀n 4K. PS4 ti 2013 tí ẹ ṣì máa rí káàkiri ìgboro kò lè gbé géèmù kọjá 1080p. Tẹlifíṣọ̀n ló kàn ń na àwòrán náà. Ínṣì 55 nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró, tí orúnkún ẹni tó ń gbá géèmù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, gbogbo etí àwòrán tó rí págunpàgun ló máa tú síta. PS4 Pro ti 2016 yàtọ̀, torí teraflops (ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń yára ṣírò tó) 4.2 ni agbára rẹ̀, 1.84 ni ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, òun náà ń fi ọgbọ́n ṣe é ni. Nínú géèmù Horizon Zero Dawn, ìdajì píksẹ̀lì ló ń yà tuntun lẹ́ẹ̀kan, á wá fi ti àwòrán tó ṣáájú dí èyí tó kù. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Èmi ò rí ẹ̀tàn níbẹ̀, ojú yín ò kúkú mọ̀.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti sẹ́tíǹsì. Ọ̀pọ̀ géèmù PS5 ní Quality àti Performance. Àwọn èèyàn á rí Quality, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, torí ta ni kò fẹ́ ojúlówó? Bẹ́ẹ̀, Quality sábà máa ń jẹ́ àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú igbó, ó dáa, ẹ gbádùn ewé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ géèmù ogun tàbí eré mọ́tò, tí ẹnì kan jókòó tì yín tó fẹ́ fìyà jẹ yín, Performance ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ tó dá páàdì lẹ́bi pé ó ń fà, ẹ wọ sẹ́tíǹsì tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tan Game Mode. Bí kò bá sí ní títàn, tẹlifíṣọ̀n á máa tún àwòrán ṣe kó tó gbé e hàn, bọ́ọ̀lù á ti kúrò lẹ́sẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó rí i. Àwọn kan ti ra páàdì tuntun nítorí èyí!

Ẹ má sì pe àwọn tó ń ṣe géèmù ní ọ̀lẹ torí pé píksẹ̀lì kéré. Lọ́dún 2007, Call of Duty 4 ò ju 1024 sí 600 lọ lórí PS3, kí 60 má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn, ta ló ráhùn? Battlefield 4 ti 2013 náà, 900p ni lórí PS4, 720p lórí Xbox One. Ẹ wo géèmù bọ́ọ̀lù pàápàá. Ẹ fojú sí àwọn òǹwòran tó wà lẹ́yìn ojú góòlù: ìju-ọwọ́ kan náà ni wọ́n ń jù, aṣọ wọn jọra. Kí góòlù wá wọlé, kí wọ́n tún un fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i, òógùn máa wà níwájú orí ẹni tó gbá a. Ibi tí ojú yín máa wà ni wọ́n ń kó agbára sí.

Ti 8K tí wọ́n kọ sára páálí PS5 nígbà kan, ẹ gbójú fò ó. Píksẹ̀lì tó lé ní mílíọ̀nù 33 nìyẹn, kì í ṣe ohun tí géèmù yín máa fi ṣeré.

Ó ku Xbox Series S, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, tí àwọn kan ń rà torí pé owó rẹ̀ kéré, wọ́n sì rò pé Series X náà ni. Teraflops 4 ni, 12 ni ti Series X, 1440p ni Microsoft sì fojú sùn fún un. Fún ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1080p, mi ò rí aburú níbẹ̀. Ibi tó ti ń há ni pé kò ní ojú ibi tí wọ́n ń ki díìsì sí. Kò sí pé ẹ ń ra díìsì àlòkù, kò sí pé ẹ ń pààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́. Gbogbo géèmù lẹ máa fi dátà fà wálẹ̀, òmíràn sì lè ju gígábáìtì 100 lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó dátà yẹn mọ́ iye tí wọ́n pè é, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó rọjú.