Òwìwí Nínú Oko àti Lẹ́bàá Àká

Ẹni tó bá kó ọkà sí àká mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ eku. Kí ẹ tó ra oògùn eku, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òwìwí wà nítòsí: èyí tí ojú rẹ̀ funfun, tó sì rí pẹrẹsẹ bí àwo. Àgbà rẹ̀ kan lè jẹ eku kéékèèké 3 tàbí 4 lóru.

Etí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ lórí. Òun ló fi ń mọ ibi tí eku wà gan-an lábẹ́ koríko, bí òkùnkùn tilẹ̀ ṣú biribiri. Ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ débi pé a kì í gbọ́ ìró rẹ̀ tó bá ń fò. Àmọ́ ìyẹ́ yìí kì í pẹ́ rin gbindin, nítorí náà ebi máa ń pa á bí òjò bá rọ̀ mọ́jú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń sùn sí àká yín, ẹ wo ilẹ̀ lábẹ́ igi àjà. Odindi ló ń gbé eku mì. Tó bá ṣe díẹ̀, á pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ìṣù dúdú tó ń dán. Ẹ rẹ ọ̀kan sómi, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú u. Ẹ ó rí agbárí eku, tòun ti eyín iwájú rẹ̀ gígùn.

Kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ihò igi tàbí àjà ilé ló ń yé sí, ẹyin 4 sí 7 lọ́pọ̀ ìgbà. Látorí ẹyin àkọ́kọ́ ló ti ń sàba, nǹkan bí ọjọ́ 30 sì ni ẹyin ń lò kó tó pa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kì í fi í dọ́gba. Bí kò bá sí ihò, ẹ kan àpótí pákó mọ́ òkè àká, ó kéré tán mítà 3 sílẹ̀. Kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 13, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi sẹ̀ntímítà 45 jìn sí ẹnu yìí, kí ọmọ má baà já bọ́.

Oògùn eku ló ń bà mí lẹ́rù jù. Eku tó jẹ oògùn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á ṣì máa rìn fún ọjọ́ mélòó kan, òwìwí á gbé e, oògùn náà á sì wọ inú tirẹ̀. Ẹ fi pàkúté rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì di ihò àká.

Ẹ fi pákó léfòó sínú ọpọ́n tí ẹran ọ̀sìn ti ń mu omi, tó bá jìn, torí òwìwí máa ń kú sínú rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì já bọ́, ẹ má fi sílẹ̀ pé ìyá á wá a: àwọn òbí rẹ̀ kì í sábà bọ́ ọmọ tó wà nílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ dá a padà sókè.